Ìlọ́po Mẹ́fà Páìpù

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Alápòótí, débi pé ẹni tí kò bá pẹ́ lójú ọ̀nà yẹn kò ní mọ̀ pé òbí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ mìíràn rárá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níbi tí títì ti ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Aránbàtà kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ sì wà lọ́wọ́ òsì, nínú yàrá tóóró kan tí wọ́n la ìlẹ̀kùn sí láti inú ṣọ́ọ̀bù. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ariwo òòlù Alápòótí ni gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ fi ń jí, kò sì sẹ́ni tó bínú sí i. Ó ti wọ̀ wọ́n létí.

Àpótí ni iṣẹ́ rẹ̀: àpótí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kó aṣọ sí, àpótí irinṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì, àpótí lẹ́tà tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Nígbà tí ọkọ náà kú, àwọn ènìyàn rò pé yóò ta gbogbo irinṣẹ́, kó wá òwò tó rọ obìnrin lọ́rùn ṣe. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú tí wọ́n fi rí i tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tó wọ aṣọ iṣẹ́, tó mú sísọ́ọ̀sì páànù, tó sì ń gé irin lọ bí ẹni pé ẹnìkejì òun kàn yà lọ ra ìṣó ni.

Ó ní ìwà kan tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá wá sọ fún un pé àpótí báyìí báyìí lẹ fẹ́, kò ní gbọ́ iye tí ẹ ń kà fún un. Ohun tí yóò wí ni pé, "Ẹ gbé ohun tó máa gbé inú ẹ̀ wá kí n rí i." Bí ẹ bá gbé e dé, yóò tẹ́ ẹ sórí tábìlì, yóò wò ó lọ wò ó bọ̀, yóò sì gé páànù yí i ká. Àpótí náà á bá ohun tí ẹ gbé wá mu rẹ́gí. Ẹ mi àpótí Alápòótí títí, nǹkan kan ò gbọdọ̀ dún nínú rẹ̀. Lójú tiẹ̀, àpótí tí àyè ṣófo nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Bẹ́ẹ̀ ló wà tí oníṣẹ́ iná kan fi wọlé wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó ga, irun orí rẹ̀ ti ń di funfun létí méjèèjì, kò sì lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ó fi wáyà kan há abíyá, tó gùn tó apá ènìyàn méjì. Wáyà yìí kì í ṣe irú èyí tí a ń rí lára gílóòbù. Ó ki tó ọwọ́ ọmọ ọwọ́, awọ dúdú kan sì bò ó lára. Ọkùnrin náà kí i dáadáa, ó bèèrè ṣọ́ọ̀kì, ó sì kọ ọ́ sórí tábìlì rẹ̀ pé àpótí òun, íǹṣì méjìdínlógún ní ìbú, méjìdínlógún ní gígùn. Ó ní ilé búrẹ́dì kan ló fẹ́ fi í sí, níbi tí wọ́n ti ń gbé ààrò oníná tuntun wọlé.

Alápòótí bèèrè ohun tó máa gbé inú rẹ̀. Ọkùnrin náà na wáyà abíyá rẹ̀ sí i, ó ní mẹ́rin irú èyí ni.

"Mẹ́rin péré? Kí ni wọ́n fẹ́ máa ṣe nínú ilé tó tó báyẹn?"

"Wọn ò ní dúró níbẹ̀. Wọ́n á gba òkè wọlé, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Wọ́n kàn ń kọjá ni."

Bí ọkùnrin náà ti kẹ́yìn sí Alápòótí báyìí ló yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó ń yọ́jú láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní àwọn kan ń kọ́ ààfin fún ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Ó to wáyà mẹ́rin lọ́kàn ara rẹ̀, ó rí i pé kò ju íǹṣì mẹ́fà lọ. Ó ní àánú ni kí òun ṣe fún un. Ó gé e sí íǹṣì méjìlá, ó lù ú, ó dá ihò sí i lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún páìpù tí wáyà ń gbà kọjá, ó kùn ún lọ́dà eérú, ó sì ṣe ọmọrí tó ń wọlé wọ́ọ́rọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń ti dúrọ́ọ̀ tábìlì tí wọ́n fi epo pa. Iṣẹ́ náà wu òun fúnra rẹ̀. Ó gbé e sí iwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tí oòrùn yóò ti kàn án.

Nígbà tí oníṣẹ́ iná padà dé, ó fa téèpù yọ, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n. Kò bínú. Ó yin ọ̀dà rẹ̀, ó yin ọmọrí rẹ̀, ó wá fi ẹnu wáyà bọ ihò òkè, ó sì fi pẹ̀lẹ́tù bẹ Alápòótí pé kó bá òun fà á jáde níhò ẹ̀gbẹ́.

Ọwọ́ Alápòótí kì í ṣe ọwọ́ yẹpẹrẹ. Ọwọ́ tó ń tẹ irin ni. Ó di wáyà náà mú, ó tẹ̀ ẹ́, wáyà kọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó fi orúnkún ti àpótí mọ́ tábìlì, ó fi gbogbo ara lé e. Wáyà náà tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ràn, ló bá ta padà, ó gbá ọmọrí sílẹ̀ gbàmù, aránbàtà sì sáré yọ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ láti wá wo ohun tó ṣubú. Òógùn bo Alápòótí. Ó retí kí ọkùnrin náà fi òun rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọrí náà nílẹ̀, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nù ún.

"Wáyà kékeré, ẹ lè ká a bí òwú," ó ní. "Èyí ò gbà bẹ́ẹ̀. Tí mo bá fipá tẹ̀ ẹ́ níbi tó há, awọ rẹ̀ á là níbi tí ojú ò tó. Iná á tàn lónìí, á tàn lọ́la. Lọ́jọ́ kan ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí á fi gbiná."

"Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé méjìdínlógún ló máa tó o?"

"Páìpù íǹṣì mẹ́ta ni. Ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀ ni, láti ẹnu páìpù dé ara àpótí tó kọjú sí i. Kò gbọdọ̀ dín. Tí páìpù mìíràn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó fi ìbú tiẹ̀ náà kún un."

Ojú ti Alápòótí díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ìtìjú tó ń mú ènìyàn di kùnrùngbùn. Ó ní kí ọkùnrin náà fún òun láyè. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ó ti ṣe òmíràn, íǹṣì méjìdínlógún géérégé, ọkùnrin náà sì fi wáyà bọ̀ ọ́ níṣojú rẹ̀. Wáyà náà wọlé, ó rọra yí bí ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn òkè, ó sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjà. Àpótí oní-méjìlá yẹn, ọmọ rẹ̀ gbà á, ó ń kó àjákù aṣọ sí i.

Láti ìgbà náà ni oníṣẹ́ iná ti di oníbàárà. Ó wá ṣe ti ilé yìnyín, ó wá ṣe ti ilé ẹ̀rọ omi. Bó bá dé, á kí gbogbo wọn, á gba ṣọ́ọ̀kì, á kọ iye, á wá dúró díẹ̀ kó máa wo bí Alápòótí ṣe ń ṣẹ́ etí páànù. Àwọn ará àdúgbò, tí wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn lọ láìní àpèlé, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ, wọ́n bá sọ ọ́ ní Ìlọ́po Mẹ́fà. Bí wọ́n bá rí i tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ títì, aránbàtà á lu ògiri gbàgà, á ní, "Ìlọ́po Mẹ́fà ti ń bọ̀ o, ẹ tún ìborí yín wé."

Aránbàtà yìí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ju ẹnu lọ. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta pé kì í ṣe àpótí ni ọkùnrin náà ń wá. Ó ti ṣe ìwádìí rẹ̀ dáadáa. Ó ní aya ọkùnrin náà ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n sì ti tú ká, òun nìkan ló sì ń gbé ní ilé olókè kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀. Ó ní ènìyàn mélòó ló ń lo àpótí tó báyìí láàárín ọdún kan? Ọmọ Alápòótí náà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń bá aṣọ rẹ̀ lọ. Alápòótí ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Síbẹ̀, ká má parọ́, ó ti ṣàkíyèsí fúnra rẹ̀ pé òun ti ń fọ ọ̀dà kúrò ní èékánná òun lójú ọ̀sán, ohun tí òun kì í ṣe tẹ́lẹ̀. Inú bí i sí ara rẹ̀. Obìnrin tó ti tó ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá àgbà, tó wá ń fọ èékánná.

Kì í ṣe ẹni tó ń di nǹkan sínú. Nígbà tí ọkùnrin náà tún dé, ó gbé òòlù sílẹ̀, ó sì bi í léèrè ní tààràtà.

"Ọ̀gá oníná, ẹ má bínú. Ṣé iṣẹ́ ló ń gbé yín wá síbí, àbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà ronú sí i. Ó ronú sí i gan-an, bí ẹni tí wọ́n ní kó ka iye páìpù tó wà nínú ilé kan.

"Iṣẹ́ ni," ó ní.

Alápòótí ní ó dáa, ó ṣeun. Ó mú òòlù rẹ̀. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ìdáhùn tí òun fẹ́ gbọ́ ni wọ́n fún òun, kò sì dùn mọ́ òun nínú. 

Iṣẹ́ tó gbé ọkùnrin náà wá lọ́jọ́ yẹn ni ti ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọ aṣọ ibùsùn fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Páìpù íǹṣì mẹ́ta méjì ló fẹ́ gba ibẹ̀, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Alápòótí ti ṣe ìṣirò náà kí ọkùnrin náà tó mú ṣọ́ọ̀kì: ìlọ́po mẹ́fà mẹ́ta jẹ́ méjìdínlógún, fi mẹ́ta kún un, mọ́kànlélógún. Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wàhálà wà. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yàrá ìlọṣọ ni àpótí náà bọ́ sí. Bó bá tó mọ́kànlélógún, ìlẹ̀kùn kò ní lè ṣí tán, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aṣọ kò sì ní lè kọjá. Onífọṣọ ní kí ó dín in kù. Ọkùnrin náà ní òun kò lè dín in kù. Òun ti wò ó títí, òun kò rí ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wò ó," ó ní. "Wáyà nìkan ni mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ àpótí."

Alápòótí kì í fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí ọmọ rẹ̀ máa bá òun wojú iṣẹ́, ó sì bá ọkùnrin náà lọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Lójú ọ̀nà, wọn kò sọ ju ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lọ. Ọkùnrin náà ń tọ́ka sí ilé, á ní àpótí yín kan wà nínú ìyẹn, á tún rìn díẹ̀, á ní òmíràn wà lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó tíì sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún un rí. Bí àpótí bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti lọ nìyẹn lójú tiẹ̀.

Ilé ìfọṣọ náà gbóná, ó sì ń rùn fún ọṣẹ. Onífọṣọ, obìnrin kan tó sanra tí aago sì so mọ́ ọn lọ́rùn, mú wọn dé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Alápòótí ṣí ìlẹ̀kùn, ó pa á dé. Ó wo òkè, ó wo ògiri, ó rìn dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí yàrá kékeré kan níbi tí wọ́n ń to garawa ọṣẹ sí, ó sì padà wá.

"Ṣé dandan ni kí wáyà yí níbí?" ó bèèrè.

Oníṣẹ́ iná wò ó.

"Tó bá lọ tààrà níbí ńkọ́, lókè ìlẹ̀kùn, kó wá lọ yí nínú yàrá ọṣẹ? Kò sí ìlẹ̀kùn tó ń gbá nǹkan níbẹ̀."

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè, ó ń tẹ̀ lé páìpù tí kò tíì sí níbẹ̀ lọ pẹ̀lú ìka. Ó ní àpótí kan ṣì gbọdọ̀ wà lókè ìlẹ̀kùn, nítorí ọ̀nà náà jìn, wọ́n á nílò ibi tí wọ́n á ti di wáyà mú fà. Bí wáyà bá sì ń lọ tààrà, ìlọ́po mẹ́jọ ni gígùn àpótí, nítorí wọ́n á fa wáyà síta bí okùn tí a ṣẹ́ po, kí wọ́n tó tún un tì wọlé lódì kejì. Mẹ́rìnlélógún nìyẹn. Ṣùgbọ́n gígùn nìkan ni. Ìbú rẹ̀ lè jẹ́ mẹ́wàá péré.

"Gbọọrọ bí àpótí fèrè," ni Alápòótí wí.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an."

Onífọṣọ bi wọ́n bóyá ìlẹ̀kùn òun á ṣí. Wọ́n ní yóò ṣí dé ògiri. Obìnrin náà ní ó tán, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀. Oníṣẹ́ iná kò yin Alápòótí ní yínyín ariwo. Ó kàn ń mi orí lọ́ra lọ́ra títí wọ́n fi dé títì, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀.

Nígbà tí àpótí méjèèjì parí, Alápòótí ní òun fẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń fa wáyà. Ó ní òun ti ṣe ilé fún wọn tó, ó yẹ kí òun rí wọn tí wọ́n ń kó kọjá. Oníṣẹ́ iná àti àwọn ọkùnrin méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti fi okùn la páìpù kọjá. Ọṣẹ ni wọ́n máa ń fi pa wáyà lára kó lè yọ̀, ibí yìí kì í sì í ṣe ibi tí ọṣẹ ti wọ́n. Onífọṣọ fúnra rẹ̀ gbé garawa kan fún wọn, ó ní òun kò mọ̀ pé a máa ń fọ iná.

Wọ́n fi Alápòótí sí yàrá ọṣẹ, lórí àkàbà, níwájú àpótí onímọ́kànlélógún, pé kó máa darí wáyà bó bá ti ń wọlé. Wọ́n fà lọ́hùn-ún. Ó gbọ́ ohùn wáyà nínú páìpù kó tó rí i, ó ń dún bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Orí rẹ̀ wá yọ, ó dúdú, ọṣẹ ń kán lára rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó rò pé yóò bá òun jà bíi ti ọjọ́ kìíní, ó ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ dè é. Kò jà. Àyè wà, ó sì mọ̀ pé àyè wà. Ó ya gbọ̀ọ̀rọ̀ gba igun àpótí láìfi ara kan nǹkan kan, ó ń yọ́ kọjá lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wúwo, síbẹ̀ ó rọ̀, ó kọrí sí páìpù ẹ̀gbẹ́, ó sì wọlé. Èkejì tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n parí, ọṣẹ ti dé ìgbọ̀nwọ́ Alápòótí, apá ń ro ó, inú rẹ̀ sì dùn bí ìgbà tó wà lọ́mọdé tí wọ́n bá jẹ́ kó bá àwọn àgbà ṣe iṣẹ́. Ó wo inú àpótí náà kó tó dé ọmọrí rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Kò bí i nínú mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, oníṣẹ́ iná kò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Alápòótí ń ṣe àpótí irinṣẹ́, ó ń ṣe àpótí lẹ́tà, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Aránbàtà ní bóyá iná ti wọ gbogbo ilé tó wà láyé tán. Ọmọ Alápòótí gbé ojú lé e láti ẹnu ìlẹ̀kùn, aránbàtà sì padà sídìí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tó ń kàn.

Ọ̀sán kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni oníṣẹ́ iná wọlé. Ó wọ aṣọ tó mọ́, ìyẹn ló yẹ kó ti ta Alápòótí lólobó. Ó kí i, ó bèèrè ṣọ́ọ̀kì. Ó ní iṣẹ́ kékeré kan ni, ilé ìtajà aṣọ kan, páìpù íǹṣì méjì. Ó wá kọ ọ́ sórí tábìlì: méjìdínlógún ní ìbú, méjìdínlógún ní gígùn.

Alápòótí ti na ọwọ́ sí páànù kó tó dúró. Ó yíjú padà sí tábìlì.

"Páìpù íǹṣì méjì lẹ wí?"

"Íǹṣì méjì ni."

"Mélòó?"

"Ẹyọ kan."

"Ó fẹ́ yí àbí ó fẹ́ lọ tààrà?"

"Ó fẹ́ yí."

Alápòótí tún un kà lọ́kàn. Ìlọ́po mẹ́fà méjì jẹ́ méjìlá. Kò sí páìpù mìíràn tí à bá fi kún un. Kódà bó bá fẹ́ lọ tààrà, ìlọ́po mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún ni. Kò sí ọ̀nà kankan tí ènìyàn lè gbà débi méjìdínlógún. Ó mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì kọ méjìlá sí ẹ̀gbẹ́ iye tí ó kọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún ní yàrá kejì ti dákẹ́.

"Méjìlá ni," ni Alápòótí wí. "Kí ni ẹ fẹ́ fi mẹ́fà tó kù ṣe?"

Oníṣẹ́ iná wo tábìlì. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Àpótí oní-méjìlá, wọ́n ń ta á lọ́jà," ó ní. "Ó wà nílẹ̀ ní ṣíṣe, ẹnikẹ́ni lè rà á. Èyí tó tóbi nìkan ni wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe. Tí mo bá ní méjìlá, kò sí ohun tó máa gbé mi wá síbí."

 Ohun kan ń gun òkè bọ̀ láti inú Alápòótí, kò sì dá a lójú bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún.

"Ẹ sọ fún mi nígbà yẹn pé iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ ni nígbà yẹn," ni ọkùnrin náà wí. "Mi ò parọ́ fún yín. Láti ìgbà tí ẹ ti bi mí léèrè ni mo ti ń rò ó."

Ẹ̀rín ni. Alápòótí jókòó lórí àpótí kan tí kò tíì kùn, ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ títí omi fi yọ lójú rẹ̀, ojú ọkùnrin náà sì rọ̀ díẹ̀ díẹ̀ bó ti ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló nu ojú rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa iye méjèèjì rẹ́ lórí tábìlì.

"Ẹ lọ ra ti méjìlá lọ́jà, ẹ lọ ṣe iṣẹ́ onílé ìtajà yẹn fún un," ó ní. "Tí ẹ bá ṣe é tán, kí ẹ wá jókòó. Ẹ ò nílò àpótí kẹ́ ẹ tó jókòó síbí."

Ọkùnrin náà wá ní ọjọ́ kejì. Láìní àpótí láti bèèrè fún, ọwọ́ rẹ̀ kò rí ibi tó máa gbé. Ó jókòó lórí àga tí wọ́n fún un, ó wo òrùlé, ó ní gílóòbù yẹn ti ń ṣẹ́jú, ó gun orí tábìlì, ó sì tún un ṣe. Ó tún jókòó. Ọmọ Alápòótí rí i pé ọ̀rọ̀ náà lè pẹ́ kó tó gbéra, ló bá gbé àga tiẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè: ọmọ mélòó, níbo ni wọ́n wà, ṣé ó máa ń hanrun, ṣé ó máa ń dáná fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà dáhùn gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun máa ń dáná, ṣùgbọ́n kò dùn. Ó ní ní ti ìhanrun, kò sẹ́ni tó wà nílé láti sọ fún òun.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọn kò sáré. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Alápòótí tó ti di olóògbé, bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń wá wò wọ́n lóṣooṣù, gbọ́ ọ, ó sì ní kí wọ́n mú ọkùnrin náà wá kí òun rí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi Alápòótí nígbà tó ku àwọn méjì: ṣé ó máa ń pariwo mọ́ ènìyàn? Alápòótí ní òun ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ rí, ńṣe ló gbé ọmọrí òun nílẹ̀, ó nù ún. Bàbá náà ní kó máa lọ, kó lọ jayé orí rẹ̀. Àwọn ọmọ ọkùnrin náà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jẹun, wọ́n wo ṣọ́ọ̀bù, inú wọn sì dùn pé bàbá àwọn ti rí ẹni tí yóò máa bá sọ̀rọ̀ páìpù.

Ó kó kúrò ní ilé olókè rẹ̀, ó wá sí yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Aránbàtà bá wọn gbé bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé òun ló so wọ́n pọ̀. Kò sẹ́ni tó já a nírọ́.

Iṣẹ́ wọn ti di ọ̀kan báyìí. Ọkùnrin náà ń lọ wo ilé, obìnrin náà ń bá a lọ tí ibẹ̀ bá há, wọ́n á jọ dúró lábẹ́ ògiri, wọ́n á máa nàka sí òkè. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á tún máa bá a lọ. Ọmọ Alápòótí wọlé tọ̀ wọ́n wá nírọ̀lẹ́ kan láti fi aṣọ tuntun kan hàn wọ́n. Ó bá wọn nídìí àpótí ńlá kan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọkùnrin náà ní ọ̀dà eérú ni gbogbo àpótí iná máa ń jẹ́. Obìnrin náà ní kò sófin tó ní kí eérú nìkan ló máa wà lára ògiri, pé èyí á lẹ́wà tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé. Ọkùnrin náà ní àwọ̀ ewé kẹ̀? Obìnrin náà ní àwọ̀ ewé ni, kí ló wà níbẹ̀? Ọmọ náà dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ó rí i pé kò sí èyí tó máa gbójú sókè nínú wọn, ó káṣọ rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ.